Inú Ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń Tu Itọ́ Funfun: Ọ̀fọ̀ àti Àríyá nínú Àwòrán Stańczyk tí Jan Matejko Yà ní 1862

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń tu itọ́ funfun. Òwe yìí fi yé ni pé ohun tí ẹnu ń gbé jáde ní gbangba lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ń bẹ nínú. Wọ́n tún máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Òwe kìíní ń tọ́ka sí ẹni tí ó fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i. Èkejì ń tọ́ka sí ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti wúwo ju ohun tí omijé lè gbé lọ. Nínú méjèèjì, ojú tí ń rẹ́rìn-ín kì í ṣe ẹ̀rí pé inú dùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù. Fún nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta, apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n sábà máa ń lò láti fi sọ ọ́: ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú inú ẹlòmíràn dùn, tí ayàwòrán wá fi hàn nígbà tí inú òun tìkára rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, èyíinì ni Stańczyk, tí Jan Matejko, ọmọ ilẹ̀ Pólàndì, yà ní ọdún 1862. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún sọ pé Stańczyk ni ó wà níbẹ̀ lásìkò ijó àríyá ní ààfin Ayaba Bona, nígbà tí Smolensk ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ lórí àwòrán yìí ni pé ó fi ìbànújẹ́ tí ó fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ aláwàdà hàn. Àlàyé náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé nínú àwòrán Matejko, kì í ṣe ojú apanilẹ́rìn-ín ni ìbòjú wà. Apanilẹ́rìn-ín ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àríyá tí ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ìbòjú, àwọn tí ó sì wọ̀ ọ́ ni àwọn tí ó ni ìlú. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mìíràn dìde tí òpìtàn kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ọ̀fọ̀ ọdún wo ni Stańczyk ń ṣe, ti 1514 ni tàbí ti 1862?

2. Apanilẹ́rìn-ín àti iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ààfin Yúróòpù láàárín ọ̀rúndún 15 sí 17, apanilẹ́rìn-ín jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba bí àwọn òṣìṣẹ́ ààfin yòókù. Aṣọ tirẹ̀ yàtọ̀. A máa ń so ṣaworo mọ́ fìlà rẹ̀, a sì máa ń gbẹ́ orí ènìyàn sí ṣóńṣó ọ̀pá kékeré tí ń mú lọ́wọ́. Nítorí pé àwàdà ni a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó lè sọ fún ọba ohun tí ìjòyè kò láyà láti sọ. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀rín ni ó fún un láṣẹ láti la ẹnu. Ní ọjọ́ tí ó bá dẹ́kun ẹ̀rín, kò yàtọ̀ sí ìránṣẹ́ mìíràn tí ó sọ̀rọ̀ kọjá ipò rẹ̀.

Àwọn ayàwòrán kan ti kíyè sí èyí ṣáájú Matejko. Ní ààfin Philip Kẹrin ti ilẹ̀ Sípéènì, Diego Velázquez ya àwọn apanilẹ́rìn-ín ọba. Èyí tí ó yà nípa Sebastián de Morra ní nǹkan bí 1644, tí ó wà ní Mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid, kò ní ẹ̀rín kankan nínú. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹni tí ń wò ó, kò sì dá a lára yá. Ní ilẹ̀ Faransé, Antoine Watteau ya Pierrot ní nǹkan bí 1718 sí 1719, èyí tí ó wà ní Louvre ní Paris. Òṣèré aláwàdà ni Pierrot. Ó dúró gangan nínú aṣọ funfun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí kan lórí iṣẹ́ Watteau. Kò sí ohun kan pàtó nínú àwòrán náà tí ó sọ ìdí tí Pierrot fi dá dúró bẹ́ẹ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìròyìn, kò sí òkú. Àwọn òǹwòran, pàápàá ti ọ̀rúndún 19, ni ó ka ìbànújẹ́ sí ojú rẹ̀. Ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn kan ṣoṣo: a kò mọ orísun rẹ̀, kò sì kan ìlú. Ibi tí Matejko ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nìyí. Ó fún ìbànújẹ́ apanilẹ́rìn-ín ní ìdí, ìdí náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú.

3. Ohun tí ó wà nínú àwòrán náà

A bí Matejko ní Kraków ní ọdún 1838. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí ó parí Stańczyk. Ọ̀dà olóròóró ni ó fi yà á sórí aṣọ tí ó jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 120 ní ìbú àti 88 ní gíga. Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Warsaw ni ó wà. Mùsíọ́ọ̀mù náà gbà á ní 1924. Àwọn ọmọ-ogun Násì kó o lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó dé ọwọ́ ìjọba Soviet lẹ́yìn náà, a sì dá a padà sí Pólàndì ní nǹkan bí 1956.

Iyàrá méjì ni àwòrán náà pín sí. Èyí tí ó wà níwájú ṣókùnkùn díẹ̀. Níbẹ̀ ni Stańczyk jókòó sí lórí àga, aṣọ pupa aláwàdà ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì há ara wọn, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bí ẹni tí kò rí ohun tí ó ń wò. Àmì ẹ̀sìn kan tí ó gbé àwòrán Màríà Wúńdíá ti Częstochowa rọ̀ sí àyà rẹ̀. Ọ̀pá àwàdà rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti ká jọ, bí ẹni pé ṣe ni ó rìn lọ rìn bọ̀ kí ó tó já ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí àga. Lẹ́tà kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Láti ojú fèrèsé, a rí ilé ìsìn ńlá ti Wawel lóru, ìràwọ̀ onírù kan sì ń bẹ ní ojú ọ̀run. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà, àmì ibi ni wọ́n ka irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ sí.

Iyàrá kejì wà lẹ́yìn, lódì kejì aṣọ títa. Ó mọ́lẹ̀ yòò. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ti ń ṣe àríyá, aràrá kan tí ó gbé ohun èlò orin olókùn sì ń bẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni kan nínú wọn tí ó wo ọ̀dọ̀ Stańczyk.

Bí a bá to àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀, ètò kan hàn. Gbogbo ohun ìpanilẹ́rìn-ín tí ó yẹ kí ó wà lára Stańczyk ti kúrò níbẹ̀, àfi aṣọ nìkan. Ọ̀pá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu. Ẹ̀rín náà kò ṣègbé. Ó ti kọjá sí iyàrá kejì, ó ti di ti àwọn ìjòyè. Aláwàdà ni ó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ìlú, àwọn tí ó yẹ kí ó ronú ni ó ń ṣe iṣẹ́ aláwàdà. Ayàwòrán kò ní kí a wá ìbànújẹ́ lábẹ́ ẹ̀rín Stańczyk, nítorí pé Stańczyk kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ní kí a wá ni ohun tí ń bẹ lábẹ́ ẹ̀rín ààfin.

4. Smolensk, Orsha àti ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tí kò bára mu

Ìlú olódi ni Smolensk, ó sì wà lábẹ́ ìjọba Lithuania láti 1404. Ọba kan náà ni ó ń jẹ lórí Pólàndì àti Lithuania ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16. Ní 1514, àwọn ọmọ-ogun Vasili Kẹta, aláṣẹ Moscow, gba ìlú náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn ọmọ-ogun Pólàndì àti Lithuania, tí Konstanty Ostrogski jẹ́ olórí wọn, ṣẹ́gun ogun Moscow ní Orsha. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ọba Sigismund Kìíní polongo rẹ̀ káàkiri ààfin Yúróòpù, ayàwòrán kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ sì ya ogun náà láàárín 1525 sí 1535 tàbí nǹkan bí ìgbà náà. Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè ní Warsaw kan náà ni àwòrán yẹn wà.

Síbẹ̀, Orsha kò dá Smolensk padà. Odi náà wà lọ́wọ́ Moscow títí di 1611. Èyí ṣe pàtàkì fún òye àwòrán Matejko. Bí àwọn ìjòyè bá ń jó, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí pé òun ni wọ́n ń jó sí. Ayọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ kan ni wọ́n fi bo òótọ́ mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣòro jù lọ láti ṣí, nítorí pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè búra pé òun kò purọ́.

Níbi tí a dé yìí, òpìtàn yóò bá ìṣòro pàdé. Bona Sforza, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kò tíì dé Kraków ní 1514. Ọdún 1518 ni Sigismund gbé e níyàwó. Kò lè sí ijó àríyá kankan ní ààfin Ayaba Bona lọ́dún tí Smolensk bọ́. Èkejì, ọdún tí ó wà lára lẹ́tà orí tábìlì ni 1533, orúkọ tí ó sì wà níbẹ̀ ni Samogitia, tí ó jẹ́ apá kan ní Lithuania. Ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú àwòrán kan.

Ẹnì kan lè sọ pé àìmọ̀ ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán ni. Èyí ṣòro láti gbà. Ní 1860, ọdún méjì ṣáájú Stańczyk, Matejko tẹ ìwé àwòrán kan jáde lórí aṣọ tí àwọn ará Pólàndì ń wọ̀ láti 1200 títí di 1795. Ẹni tí ó fi ìfara-balẹ̀ wádìí bí ẹ̀wù ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan ti rí kì í ṣe ẹni tí kò ní lè wádìí ọdún tí ayaba gúnlẹ̀. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù ni pé kì í ṣe ọjọ́ kan pàtó ni ó ń yà. Ó kó àwọn àkókò mélòó kan pọ̀ nínú ìjọba Sigismund, nígbà tí ìlú lágbára, tí àwọn ènìyàn sì ń pè é ní ìgbà wúrà, ó wá tọ́ka sí i pé inú ìgbà wúrà náà gan-an ni ìjákulẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú àwòrán yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1514, ó ṣì í lò. Ẹ̀rí 1862 ni.

5. Ọdún 1861 àti 1862: ìlú tí ó kọ ìbòjú

Ní 1862, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ń jẹ́ Pólàndì lórí àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù. Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́stríà ti pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà mẹ́ta: 1772, 1793 àti 1795. Ìdìde tí àwọn ará ìlú ṣe sí Rọ́ṣíà ní 1830 kò yọrí sí rere. Kraków, ìlú Matejko, ní òmìnira díẹ̀ láti 1815, ṣùgbọ́n Ọ́stríà gbà á pátápátá ní 1846. Nígbà tí Matejko ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1848, ó wà nínú ìlú náà nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ọ́stríà yin àgbá lù ú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 1861, àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà yìnbọn sí àwọn tí ń wọ́de ní Warsaw, ènìyàn márùn-ún sì kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sin wọ́n lọ sí ibojì. Archbishop Antoni Fijałkowski kéde ọ̀fọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i kú ní Warsaw nígbà tí wọ́n tún yìnbọn sí èrò. Láti ìgbà náà lọ, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ dúdú. Wọ́n bọ́ wúrà sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀ṣọ́ dúdú tí a ṣe ní àmì àgbélébùú àti adé ẹ̀gún sọ́rùn. Ijó àríyá dáwọ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí ó bá jó, ojú ẹni tí kò mọ ohun tí ń ṣe ìlú ni a fi ń wò ó. Àṣà yìí tàn kọjá apá tí Rọ́ṣíà ń ṣàkóso. Lẹ́yìn tí ìdìde tuntun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1863, àwọn aláṣẹ Rọ́ṣíà fi òfin de aṣọ ọ̀fọ̀ náà, wọ́n sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́.

Òfin yìí gba àròjinlẹ̀. Ìjọba kì í sábà bẹ̀rù ìbànújẹ́ tí ó fara pamọ́. Kò sí òfin tí ó de kí obìnrin sunkún nínú ilé rẹ̀. Ohun tí a fi òfin dè ni kí ó jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ń fẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ́gun tújú ká, nítorí pé ojú tí ó tú ká ni yóò fi ṣe ẹ̀rí pé àlàáfíà wà. Ní ìlú tí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹni mọ́. Ó ti di ohun tí aláṣẹ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìlú, bí a ti ń béèrè owó-orí.

Àsìkò yìí ni Matejko ya Stańczyk. Akẹgbẹ́ rẹ̀, Artur Grottger, fi ọ̀wọ́ àwòrán tí ó pè ní Warszawa hàn gbangba bí ọ̀fọ̀ náà ti rí láàárín 1861 sí 1862. Matejko gba ọ̀nà mìíràn. Ó lọ sí ìgbà tí ìjọba ṣì wà, tí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, ó sì fi ẹnì kan ṣoṣo tí ń ṣọ̀fọ̀ sí iyàrá tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn aláṣẹ ti ń jó. Fún òǹwòran 1862 tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ wà nínú aṣọ dúdú nílé, kò nílò alálàyé. Yóò mọ̀ pé iyàrá òkùnkùn yẹn ni òun wà. Yóò sì tún bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ó ń jó nígbà tí ohun tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀.

6. Ojú ta ni?

Ohun tí a mọ̀ dájú nípa Stańczyk gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kò pọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ọ̀rúndún 16 bí Łukasz Górnicki àti Mikołaj Rej dárúkọ rẹ̀, a sì gbà pé ó ṣiṣẹ́ ní ààfin lábẹ́ ọba mẹ́ta. Ìtàn tí ó lókìkí jù nípa rẹ̀ ni ti ọdẹ tí ọba lọ ní igbó Niepołomice ní 1533. Wọ́n ní ọba mú kí a tú béárì ńlá kan sílẹ̀ kí òun lè dọdẹ rẹ̀. Ẹranko náà yíjú padà sí àwọn ọdẹ, ayaba ṣubú lórí ẹṣin, oyún inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí ọba bá Stańczyk wí pé ó sá, a ròyìn pé ó fèsì pé ẹni tí ó tú béárì tí ó ti wà nínú àgò sílẹ̀ ni ó hùwà òmùgọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe kí ọdún 1533 tí ó wà lára lẹ́tà inú àwòrán mú ìtàn yìí wá sí ọkàn ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn tí Matejko yóò ya ọkùnrin yìí. Ní 1856, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Kraków, ó ya Stańczyk níbi tí ó ti ń díbọ́n pé eyín ń dun òun. Ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé aláwàdà náà ta á pé oníṣègùn ni ó pọ̀ jù ní ìlú. Ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ẹni tí ó sì pàdé ni ó sọ oògùn eyín fún un. Bí a bá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ wọn kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1856, ìrora kò sí, ṣùgbọ́n ojú ń ṣe bí ẹni pé ó wà, gbogbo ìlú sì dúró láti wo ojú náà. Ní 1862, ìrora wà ní tòótọ́, kò sì sí ẹnì kan tí ó yíjú wò ó.

Ohun mìíràn tún wà. Ojú ara rẹ̀ ni Matejko fún Stańczyk. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ńlá tí ó parí ní 1882 lórí ìjúbà Prussia. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1525 ni àwòrán náà ń sọ nípa rẹ̀, nígbà tí Albrecht ti Prussia kúnlẹ̀ fún Sigismund ní ọjà Kraków. Kò sí ọjọ́ tí ògo Pólàndì hàn ju ọjọ́ náà lọ. Síbẹ̀, láàárín aṣọ olówó iyebíye àti àsíá, Stańczyk jókòó sísàlẹ̀ ìtẹ́, ó ń ronú. Ẹni tí ń wo àwòrán náà ní 1882 mọ ohun tí ọba 1525 kò mọ̀: Prussia tí ó kúnlẹ̀ náà wà lára àwọn tí yóò padà wá pín ìlú.

Kí ni ayàwòrán fẹ́ sọ nígbà tí ó gbé ojú ara rẹ̀ wọ aláwàdà? Bí a bá rántí ohun tí a sọ lórí iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ìdáhùn kan súnmọ́ tòsí. Ayàwòrán náà ń jẹun lórí ohun tí ó dùn ún wò. Àwọn tí ń ra iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ wúrà, sányán àti ọba. Ó fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ẹnì kan tí kò bá wọn yọ̀ sáàárín rẹ̀, ojú ara rẹ̀ sì ni ó fi buwọ́ lù ú.

7. Lẹ́yìn 1863: nígbà tí ọ̀fọ̀ di ìbòjú tuntun

Ìdìde 1863 wó ní 1864. Ikú àti lílọ sí ìgbèkùn ní Siberia ni ó kẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1869, Józef Szujski, Stanisław Tarnowski, Stanisław Koźmian àti Ludwik Wodzicki kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ olóṣèlú kan ní Kraków tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Àpò Ìwé Stańczyk. Kókó wọn ni pé ìdìde tí kò ní agbára lẹ́yìn kò mú nǹkan wá bí kò ṣe ikú, àti pé kí a gbà láti bá Ọ́stríà ṣiṣẹ́. Láti orúkọ ìwé náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe ẹgbẹ́ wọn ní àwọn Stańczyk. Ọkùnrin tí ó kọ̀ láti bá ààfin jó ní 1862 wá di orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ń ní ipa ní ààfin.

Ìyípadà yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Stanisław Wyspiański, tí Matejko kọ́ ní iṣẹ́ àwòrán, kọ eré Wesele, a sì kọ́kọ́ ṣe é ní Kraków ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1901. Àríyá ìgbéyàwó ni eré náà dá lé lórí. Stańczyk fara han akọ̀ròyìn kan níbẹ̀, akọ̀ròyìn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ bí ìlú ti bà á lọ́kàn jẹ́ tó. Stańczyk kò yìn ín. Ó fi ọ̀rọ̀ gún un lára, ó sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ìparí eré náà, gbogbo àwọn tí ó wà níbi ìgbéyàwó ń jó yípo bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, wọn kò sì lè dáwọ́ dúró.

Wyspiański rí ohun kan tí àwòrán olùkọ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ láìdáhùn. Stańczyk ti 1862 mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó. Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ tó nínú iyàrá òkùnkùn, ìbànújẹ́ náà lè di ẹ̀wù tí ó gún régé. Yóò di ohun tí a fi ń mọ ọlọ́gbọ́n láàárín àwùjọ. A lè fi ojú ríro bo àìṣe-nǹkankan gẹ́gẹ́ bí a ti lè fi ẹ̀rín bo ẹkún. Nígbà náà, ìyàtọ̀ kò sí mọ́ láàárín ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ń jó. Ìbòjú ni ó wà lójú àwọn méjèèjì.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwòrán Stańczyk yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwòrán apanilẹ́rìn-ín tí ó ṣáájú rẹ̀. Watteau fi ojú kan hàn tí a kò mọ ohun tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Matejko fi ojú kan hàn tí ohun tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ ti jáde síta, ó sì gbé ìbòjú náà fún ààfin. Àwọn ọdún tí kò bára mu nínú àwòrán náà, 1514, 1518 àti 1533, kò sọ ọ́ di ohun tí òpìtàn kò lè lò. Ṣe ni wọ́n ń darí òpìtàn sí ọdún tí ó yẹ kí ó wò, ìyẹn 1862, nígbà tí àwọn obìnrin ìlú kan gbà láti wọ aṣọ dúdú jáde, tí ìjọba sì rí aṣọ náà bí ohun tí ó yẹ kí òun fi òfin dè.

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò sọ bóyá ó dára kí a máa tu itọ́ funfun nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú. A sábà máa ń lò ó láti yin ẹni tí ó ní ìfaradà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé àti ti ẹbí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìlú, ìtàn Pólàndì fi hàn pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè pé ta ni itọ́ funfun náà ń ṣe láǹfààní. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó gún wa lọ́gbẹ́ ni, ìfaradà ti yí padà di ohun mìíràn. Àwọn obìnrin Warsaw dáhùn ìbéèrè yìí ní 1861, kí Matejko tó parí àwòrán rẹ̀. Owó ìtanràn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó wọ aṣọ dúdú lẹ́yìn náà sì fi hàn pé ìdáhùn wọn dé etí ẹni tí wọ́n ń bá wí.